Socrates, Olùkọ́ Ará Áténì

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́ni, mo fẹ́ kí a jùmọ̀ gbé ìgbésí ayé ọkùnrin kan yẹ̀ wò, ẹni tí ó kú ní ọdún 399 ṣáájú ìbí Olúwa wa, ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò tí ì kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé títí di òní olónìí. Kò jẹ oyè, kò kó ọrọ̀ jọ, kò sì kọ ìwé kankan sílẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nípa rẹ̀, ẹnu àwọn ẹlòmíràn ni a ti gbọ́ ọ, pàápàá jù lọ Plato àti Xenophon, àwọn tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́ nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ lé e kiri. Ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó mu májèlé kú. Bí èmi náà ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, títí tí mo fi ka ìtàn ọjọ́ kan ní ọdún 406, ọdún méje ṣáájú ikú rẹ̀, nígbà tí gbogbo ìlú dìde tí wọ́n ń pariwo, tí ọkùnrin yìí nìkan ṣoṣo nínú àwọn 50 sì kọ̀ láti ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Nítorí ọjọ́ kan yẹn ni mo ṣe mú kálàmù.

Ní ìlú Áténì, ní ilẹ̀ Gíríìkì, ni a bí i sí ní nǹkan bí ọdún 470 ṣáájú ìbí Kristi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì mọ ìlú náà, nítorí níbẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ti bá àwọn amòye sọ̀rọ̀ ní Áréópágù, ní ohun tí ó ju 400 ọdún lọ lẹ́yìn tí Socrates ti kú. Sophroniscus ni orúkọ baba rẹ̀, iṣẹ́ gbígbẹ́ òkúta ni ó sì ń ṣe. Ìyá rẹ̀, Phaenarete, jẹ́ agbẹ̀bí. Socrates fẹ́ràn láti máa fi iṣẹ́ ìyá rẹ̀ ṣe àpèjúwe iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ní gẹ́gẹ́ bí agbẹ̀bí kò ti lè bá aboyún bí ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni òun kò lè gbé ọgbọ́n lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tí òun lè ṣe ni kí òun dúró tì í nígbà tí ó bá ń rọbí, kí òun sì yẹ ọmọ náà wò bóyá alààyè ni tàbí òkú.

Kì í ṣe arẹwà ènìyàn. Imú rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú rẹ̀ yọ síta, ikùn rẹ̀ sì tóbi. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín. Aṣọ kan náà ni ó ń dà bora nígbà òtútù àti nígbà ooru, kì í sì í sábà wọ bàtà. Ó fẹ́ obìnrin kan tí ń jẹ́ Xanthippe, ó sì bí ọmọkùnrin mẹ́ta. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ pé oníjà obìnrin ni Xanthippe. Ṣùgbọ́n bí mo bá rò ó pé ọkọ rẹ̀ a máa jáde ní kùtùkùtù òwúrọ̀ láti lọ bá àwọn ènìyàn jiyàn ní ọjà, tí kì í sì í gba owó kankan lọ́wọ́ àwọn tí ń wá gbọ́ ọ, mo rò pé ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu ìyàwó náà pẹ̀lú kí a tó dá a lẹ́bi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọlọ́rọ̀ ẹnu lásán ni. Ó jagun fún ìlú rẹ̀ nígbà mẹ́ta, ní Potidaea, ní Delium, àti ní Amphipolis. Ní Potidaea, nígbà tí yìnyín bo ilẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun yòókù fi awọ àgùntàn di ẹsẹ̀ wọn, ẹsẹ̀ lásán ni òun fi ń rìn lórí yìnyín náà. Ní ibẹ̀ kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Alcibiades ti fara gbọgbẹ́, tí Socrates dúró tì í tí ó sì gbà á là pẹ̀lú ohun ìjà rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gágun fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ ta ẹnìkan lọ́rẹ, Socrates fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé kí wọ́n fún Alcibiades. Ní Delium, ní ọdún 424, nígbà tí a ṣẹ́ Áténì tí olúkúlùkù sì ń sá àsálà, òun ń rìn jẹ́jẹ́, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bí ẹni pé ọjà ni ó ń lọ. Ìrìn rẹ̀ yìí sì jẹ́ kí àwọn ọ̀tá yẹra fún un, nítorí ẹni tí ń sáré ni wọ́n ń lé.

Bí ó ṣe wá di ẹni tí ń bi gbogbo ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀ ni èyí. Ó ní ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan, Chaerephon, tí í ṣe oníwàǹwára. Chaerephon lọ sí ojúbọ Apollo ní Delphi, níbi tí gbogbo ilẹ̀ Gíríìkì ti ń wádìí ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti ń lọ sọ́dọ̀ babaláwo, ó sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà tí ó gbọ́n ju Socrates lọ. Ìdáhùn tí ó gbà ni pé kò sí. Ẹlòmíràn ì bá ti fi orin bọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ̀rù ba Socrates ní tirẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé òun kò gbọ́n. Ó wá pinnu láti wá ẹni tí ó gbọ́n jù ú lọ, kí ó lè fi ẹni náà hàn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn olóṣèlú, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn akéwì, ó lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó rí i pé àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mọ iṣẹ́ wọn ní tòótọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n mọ bàtà í rán tàbí ilé í kọ́, wọ́n rò pé àwọn mọ bí a ti ń ṣe àkóso ìlú pẹ̀lú. Àwọn yòókù tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí ó parí ọ̀rọ̀ sí ni pé ohun kan ṣoṣo ni òun fi jù wọ́n lọ: òun kò rò pé òun mọ ohun tí òun kò mọ̀.

Ẹ ó rí i pé irú ìwádìí báyìí kì í mú kí ènìyàn ní ọ̀rẹ́. Ní ojú gbogbo ọjà ni ó ti ń ṣe é. Bí ẹnìkan bá ń fọ́nnu pé òun mọ ohun tí ìgboyà jẹ́, Socrates yóò bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ òun. Bí ó bá ti dáhùn, ìbéèrè kejì yóò tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ìkẹta, títí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yóò fi ta ko ti àkọ́kọ́. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó dúró yí wọn ká a sì bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó bá di alẹ́, wọn a lọ dán irú rẹ̀ wò lára àwọn baba wọn nílé.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun kan níhìn-ín tí ó mú kí ọ̀nà ìkọ́ni yìí wọ̀ mí lára. Nígbà tí a rán mi lọ kọ́ àwọn ọmọdé fún ìdánrawò, mo ṣe ìṣirò kan sára pátákó, mo sì ṣì í ṣe láìmọ̀. Mo yíjú padà, mo béèrè bóyá ó yé wọn. Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé ó yé àwọn. Ọmọ kékeré kan ní ìgun yàrá nìkan ni kò la ẹnu rẹ̀. Ó ń wo pátákó, ó sì ń ka ìka rẹ̀. Mo ti fẹ́ bá a wí pé kò fi ọkàn sí iṣẹ́ rẹ̀, kí n tó wo ibi tí ó ń wò. Láti ọjọ́ náà ni ohùn kan ṣoṣo láti ẹnu ọgbọ̀n ọmọ ti ń bà mí lẹ́rù. Wọn kò purọ́ fún mi. Wọ́n gbọ́ ohùn ara wọn ni, wọ́n sì rò pé ohùn náà ti tó ẹ̀rí.

Àwa Yorùbá kò kẹ́gàn ìfohùnṣọ̀kan. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ẹnìkan kì í sì í jẹ́ àwá dé. Àwọn ará Áténì náà mọ èyí, ó sì ti mú wọn lágbára. Ọba kò sí lórí wọn. Gbogbo ọkùnrin tí ó jẹ́ ọmọ onílùú a máa pé jọ lórí òkè kan tí à ń pè ní Pnyx, wọn a sọ ọ̀rọ̀ ogun àti ti owó àti ti òfin, wọn a sì na ọwọ́ sókè láti pinnu. (Àwọn obìnrin kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹrú àti àwọn àlejò kò sí níbẹ̀, èyí kò gbọ́dọ̀ ṣe àgbàgbé nígbà tí a bá ń yin ìlú náà.) Ìgbìmọ̀ kan tí ó ní 500 ènìyàn ni ó ń pèsè ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún àpéjọ náà. Kèké ni a ń ṣẹ́ láti yan àwọn ìgbìmọ̀ yìí, 50 láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà mẹ́wàá sì ni ó wà. Àwọn 50 ti ẹ̀yà kan a máa ṣe alága fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ọdún. Socrates kì í bá wọn dá sí ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ó ní ohùn kan wà nínú òun láti ìgbà èwe tí ń kọ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n ní ọdún 406 kèké mú un, kò sì sá fún iṣẹ́ tí ìlú yàn fún un.

Ogun ti wà láàárín Áténì àti Sparta láti ọdún 431. Owó ti tán ní Áténì. Wọ́n ti ń yọ́ wúrà ara àwọn ère láti fi ṣe owó, wọ́n sì ti kó àwọn ẹrú pàápàá sínú ọkọ̀ ogun pẹ̀lú ìlérí òmìnira. Nǹkan bí 150 ọkọ̀ ni wọ́n rí kó jọ, ní ẹ̀bá àwọn erékùṣù kéékèèké tí ń jẹ́ Arginusae ni wọ́n sì ti pàdé àwọn ọ̀tá. Áténì ṣẹ́gun. Nǹkan bí 70 ọkọ̀ ni Sparta àti àwọn alájọṣe rẹ̀ pàdánù. Ti Áténì jẹ́ 25. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ṣì wà lórí àwọn ọkọ̀ tí ó fọ́ náà, tí wọ́n di pákó mú tí wọ́n ń retí ìgbàlà. Àwọn ọ̀gágun pàṣẹ pé kí àwọn olórí ọkọ̀ kan lọ kó wọn, ọ̀kan nínú àwọn olórí ọkọ̀ náà sì ń jẹ́ Theramenes. Ìjì líle jà. Kò sí ẹni tí ó lè lọ. Àwọn ènìyàn náà bá omi lọ.

Nígbà tí ìròyìn yìí dé ilé, ayọ̀ ìṣẹ́gun di ọ̀fọ̀. Ọ̀gágun mẹ́jọ ni ó jà ní ibẹ̀. Ìlú yọ wọ́n lóyè, wọ́n sì ránṣẹ́ pè wọ́n. Méjì kò padà wálé. Àwọn mẹ́fà tí ó wá, tí ọmọ Pericles alágbára ìgbà nì wà nínú wọn, ni wọ́n mú. Theramenes rí i pé bí a bá ń wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi, ó lè kan òun náà, nítorí òun ni a rán. Ó tètè di olùfisùn. Ní àpéjọ àkọ́kọ́, àwọn ọ̀gágun sọ bí ìjì náà ti le tó, wọ́n sì mú àwọn atukọ̀ wá jẹ́rìí. Ọkàn àwọn ènìyàn ti ń rọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń dìde láti ṣe onídùúró fún wọn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń ṣú, a kò lè rí ọwọ́ kà mọ́, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ sí ọjọ́ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé oòrùn pẹ́ díẹ̀ sí i kí ó tó wọ̀ ni, mo rò pé à bá gba ẹ̀mí àwọn mẹ́fà náà là.

Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí ni ọdún kan bọ́ sí, ọdún tí olúkúlùkù ẹbí máa ń kó ara wọn jọ. Ẹ wo bí ọgbẹ́ náà yóò ti dun àwọn tí ìjókòó ọmọ wọn ṣófo nínú agbo ilé. Àwọn ẹgbẹ́ Theramenes lo àkókò náà. Wọ́n mú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó fá orí tí ó sì wọ aṣọ dúdú wá sí àpéjọ kejì, bí ẹni pé ìbátan àwọn tí ó kú ni gbogbo wọn. Ọkùnrin kan dìde, ó ní orí ọpọ́n ìyẹ̀fun ni òun fi léfòó dé èbúté, àti pé àwọn tí ń rì sínú omi rán òun kí òun wí fún ìlú pé àwọn ọ̀gágun kò gba àwọn là. Ta ni yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí tí ara rẹ̀ kò ní gbọ̀n? Nígbà náà ni Callixenus, ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀, mú àbá wá pé kí a má tún gbọ́ ẹjọ́ mọ́. Kí a gbé ìkòkò méjì kalẹ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó bá rí ẹ̀bi sọ ìbò rẹ̀ sínú ti àkọ́kọ́, kí ẹni tí kò rí i sọ tirẹ̀ sínú èkejì, kí ìdájọ́ kan ṣoṣo sì ká gbogbo wọn, ikú sì ni.

Èyí kò bá òfin Áténì mu. Ẹtọ́ olúkúlùkù ni pé kí a gbọ́ ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Euryptolemus, pẹ̀lú àwọn díẹ̀, dìde láti sọ bẹ́ẹ̀. Ariwo ta. Àwọn ènìyàn ní ohun ìríra ni bí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ́ kí ìlú ṣe ohun tí ó wù ú. Ẹnìkan tilẹ̀ dá àbá pé kí a fi ìbò kan náà dájọ́ àwọn tí ó ń ṣe ìdínà pẹ̀lú àwọn ọ̀gágun. Euryptolemus àti àwọn tirẹ̀ sì fà sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ àwọn 50 tí í ṣe alága, nítorí bí wọn kò bá gbé àbá kalẹ̀, ìlú kò lè dìbò lé e.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí ohun kan. Kì í ṣe Socrates nìkan ni ó kọ́kọ́ kọ̀. Àwọn kan nínú àwọn 50 ti sọ pé àwọn kì yóò gbé àbá tí ó lòdì sí òfin kalẹ̀. Wọ́n mọ òtítọ́, wọ́n sì ti sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n Callixenus tún gun orí pẹpẹ, ó fi àwọn náà sùn, ogunlọ́gọ̀ sì ń kígbe pé kí a mú ẹni tí ó bá kọ̀ lọ sí ilé ẹjọ́. Ẹ̀rù bà wọ́n. Mo lè fi ojú inú rí i bí ẹni àkọ́kọ́ ti yí ohùn padà, tí ẹnìkejì sì wo ojú rẹ̀, tí ó rò ó pé bí lágbájá bá ti gbà, kí ni tèmi. Àti bí ó ti ń rọrùn sí i fún ẹni tí ó bá tẹ̀ lé e. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ẹnìkan ṣoṣo ni ó kù. Ó ní òun kì yóò ṣe ohunkóhun bí kò ṣe èyí tí ó bá òfin mu.

Kò gba ẹnikẹ́ni là. Mo fẹ́ kí a mọ èyí, nítorí a máa ń sọ ìtàn irú àwọn ènìyàn báyìí fún àwọn ọmọdé bí ẹni pé gbogbo ìgbà ni ẹni tí ó dá dúró máa ń borí. Wọ́n gbé àbá náà kalẹ̀, wọ́n dìbò, wọ́n sì pa àwọn ọ̀gágun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò pẹ́ tí ìlú kábàámọ̀, wọ́n sì pàṣẹ pé kí a mú àwọn tí ó tan àwọn jẹ dé ìdájọ́. Callixenus sá lọ. Nígbà tí ó padà wálé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, gbogbo ènìyàn kórìíra rẹ̀, ebi sì pa á kú. Àwọn tí ó kígbe pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò rí ara wọn nínú ẹ̀bi náà rárá. Òun nìkan ni wọ́n rí.

Ọdún méjì lẹ́yìn èyí, ní 404, Sparta ṣẹ́gun Áténì, ìjọba ìlú sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ́lá 30 tí ìkà wọn pọ̀. Critias ni aṣáájú wọn, ẹni tí ó ti bá Socrates rìn nígbà kan rí. Wọ́n ń pa ènìyàn, wọ́n ń gba ohun ìní wọn. Wọn a sì máa rán àwọn ọmọ ìlú tí kò sí nínú ẹgbẹ́ wọn ní iṣẹ́ ibi, kí ọwọ́ olúkúlùkù lè kan ẹ̀jẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lè rí ẹnu fi dá wọn lẹ́bi lọ́la. Wọ́n ránṣẹ́ pe Socrates àti àwọn mẹ́rin mìíràn, wọ́n ní kí wọ́n lọ sí Salamis kí wọ́n mú ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Leon wá fún pípa. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn mẹ́rin lọ sí Salamis. Socrates lọ sí ilé rẹ̀. Ó mọ̀ pé ó lè ná òun ní ẹ̀mí; bí kò bá ṣe pé ìjọba náà ṣubú láìpẹ́ ni.

Ohun kan ń dùn mí nínú ìtàn Leon. Plato kò sọ fún wa pé Socrates gbìyànjú láti kìlọ̀ fún ọkùnrin náà. Ó pa ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ náà ṣàn. Bóyá kò sí àyè. Bóyá àwọn mẹ́rin náà yára jù. Mo kàn wí ohun tí ó wà lọ́kàn mi ni, nítorí n kò fẹ́ máa yin ènìyàn bí ẹni pé áńgẹ́lì ni.

Ní ọdún 399, nígbà tí ìjọba ti padà sọ́wọ́ ará ìlú, ọkùnrin mẹ́ta fi Socrates sùn: Meletus, Anytus àti Lycon. Wọ́n ní kò bọ àwọn òrìṣà ìlú, ó ń mú ẹ̀mí àjèjì wọlé, ó sì ń ba àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ẹni 70 ọdún ni nígbà náà. Ẹ̀sùn yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 24 ṣáájú ìgbà náà ni Aristophanes ti ṣe eré kan tí ó fi í ṣe ẹ̀sín, níbi tí ó ti gbé Socrates sínú apẹ̀rẹ̀ tí a so rọ̀ lókè, tí ó ń wo oòrùn, tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń sọ irọ́ di òtítọ́. Ẹ̀rín ni gbogbo ìlú rín. Àwọn tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti di adájọ́ nísinsìnyí, wọ́n sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò rántí mọ́ pé inú eré ni ó ti wá. Lẹ́yìn èyí, Alcibiades tí ó gbà là ti sá lọ bá Sparta nígbà ogun, Critias sì ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ènìyàn púpọ̀ sì ń wo olùkọ́ nípa ìwà àwọn tí ó bá a rìn. Àwa tí a fẹ́ di olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí i.

Àwọn adájọ́ tó nǹkan bí 500, àwọn ọmọ ìlú lásán tí a fi kèké yàn. Àṣà ni pé kí ẹni tí a fi sùn kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá, kí wọ́n máa sunkún láti rọ ọkàn àwọn adájọ́. Socrates ní ọmọ mẹ́ta, èyí tí ó kéré jù sì jẹ́ ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n kò mú ọ̀kankan wá. Ó sọ ti Arginusae fún wọn, ó sọ ti Leon. Ó ní òun dà bí eṣinṣin tí ń ta ẹṣin ńlá kan tí oorun ń kùn, àti pé ìlú náà nílò ẹni tí yóò máa ta á jí. Wọ́n kùn, wọ́n pariwo. Nígbà tí a ka ìbò, wọ́n dá a lẹ́bi. Bí 30 péré bá ti yí ìbò wọn padà, à bá dá a sílẹ̀. Òfin wá fún un láyè kí ó fúnra rẹ̀ dá ìjìyà tí ó tọ́ sí i lábàá. Bí ó bá ní kí wọ́n lé òun kúrò ní ìlú, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà. Ó ní ohun tí ó tọ́ sí òun ni kí ìlú máa bọ́ òun ní gbọ̀ngàn tí a ti ń bọ́ àwọn tí ó borí ní eré ìje Olympia! Lẹ́yìn náà, nítorí ẹ̀bẹ̀ Plato àti àwọn ọ̀rẹ́ mìíràn tí wọ́n ní àwọn yóò ṣe onídùúró, ó gbà láti san owó ìtanràn. Wọ́n dìbò ikú. Mo rò pé ìdáhùn rẹ̀ kọ́kọ́ yẹn ni ó bí wọn nínú, n kò sì lè sọ pé kò mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀.

A kò pa á lójú ẹsẹ̀. Ọkọ̀ mímọ́ kan ti lọ sí Delos, a kò sì gbọdọ̀ pa ènìyàn títí yóò fi dé; nǹkan bí oṣù kan ni ó fi wà nínú túbú. Crito, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe, wá bá a ní òwúrọ̀ kan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti bá onítúbú sọ̀rọ̀, owó ti wà nílẹ̀, ilé sì ti wà fún un ní Thessaly. Ó ní ojú yóò ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá jẹ́ kí ó kú, nítorí kí ni àwọn ènìyàn yóò wí? Socrates bi í léèrè ìdí tí àwọn fi gbọ́dọ̀ ka ohun tí àwọn ènìyàn yóò wí sí tó bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ń tọ́jú ara rẹ̀ fún eré ìje, ṣé ọ̀rọ̀ gbogbo ẹni tí ń kọjá ni ó ń gbọ́ ni, tàbí ti ẹni kan tí ó mọ iṣẹ́ náà? Ó kọ̀, kò sá lọ. Ó ní 70 ọdún ni òun ti jẹ nínú òfin Áténì, lábẹ́ rẹ̀ ni baba òun ti gbé ìyá òun níyàwó tí wọ́n sì tọ́ òun dàgbà. Bí òfin náà kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún òun láti kó lọ tipẹ́tipẹ́. Òun kì yóò ba òfin jẹ́ nítorí pé àwọn ènìyàn fi í hùwà àìtọ́ sí òun.

Mo bá ẹlẹgbẹ́ mi kan jiyàn lórí èyí títí agogo fìtílà pípa fi dún. Òun sọ pé Socrates ta ko ara rẹ̀, pé ẹni tí ó kọ̀ fún ìlú ní 406 kò yẹ kí ó gbà fún un ní 399. Èmi wí pé òfin kan náà ni ó dúró lé nígbà méjèèjì: lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ìlú fẹ́ fọ́ ọ, lọ́jọ́ kejì òun ni a ń rọ̀ kí ó fọ́ ọ. Ẹlẹgbẹ́ mi kò gbà.

Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ dé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kún inú túbú. Plato kò sí níbẹ̀. Ara rẹ̀ kò yá. Xanthippe ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kékeré náà, ó ń sunkún, Socrates sì ní kí ẹnìkan mú un lọ sílé. Wọ́n jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, bóyá ó máa ń kú tàbí kì í kú, olúkúlùkù sì ń sọ iyèméjì ọkàn rẹ̀ láìbẹ̀rù, bí ìgbà tí wọ́n wà ní ọjà. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, onítúbú wá dágbére fún un, ó sì bú sẹ́kún. Wọ́n gbé ife májèlé náà wá. Ó mu ún tán láìyí ojú padà. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò lè mú ẹkún mọ́ra mọ́. Òun ni ó ní kí wọ́n dákẹ́. Ó rìn títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wúwo, ó dùbúlẹ̀, ó sì bo ojú rẹ̀. Nígbà tí òtútù ti gun ara rẹ̀ dé ìkùn, ó ṣí ojú, ó rán Crito létí pé wọ́n jẹ Asclepius ní gbèsè àkùkọ kan, kí ó má ṣe gbàgbé láti san án. Crito ní òun yóò san án, ó sì béèrè bóyá ó tún kù ohun mìíràn. Kò sí ìdáhùn. Crito pa á lẹ́nu dé, ó sì pa ojú rẹ̀ dé.